Písà Ìyá Onílé

Bí o bá gbọ́ kó, kó, kó ní kíṣìnnì ìyá onílé wa ní Bàrígà, ọmọrogùn wọn ló ń kan ìkòkò. Wọ́n á ní, "Ìyẹ̀fun tí ọmọrogùn ò bá rò, inú ló máa rò ó."

Dókítà ní kí wọ́n jìnnà sí fúláwà. Báwọn ọmọ-ọmọ wọn ṣe ń jẹ písà, wọ́n ń wò wọ́n sùn-ùn. Àánú wọn ṣe mí. Mo po láfún mọ́ ẹyin àtòróró láti fi ṣe písà tiwọn: "Màmá, ẹ bá mi tẹ́ ẹ sínú páànù, mo ń lọ ra wàrà."

Mo dé, mo gbọ́ kó, kó, kó.

Mo ṣáà tẹ́ ohun tí wọ́n rò sínú páànù, mo da tòmátò àti wàrà lé e, mo yan án. Màmá fọwọ́, wọ́n wò ó títí.

"Ọmọ mi, ó dáa o. Àmọ́ ta ló kọ́ ẹ pé kó o máa da ọbẹ̀ lé òkèlè lórí?"