Kálámù Tí Ó Bá Ọwọ́ Ọ̀gá Mu

Láràárọ̀ ni oòrùn máa ń gba ojú fèrèsé wọ ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí eruku igi osùn a máa fò nínú ìmọ́lẹ̀ náà, pupa rúsúrúsú, bí ẹni pé afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ ló kun osùn. Nínú eruku yẹn ni mo ti lo ìgbà ọ̀dọ́ mi. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí àwọn sójà tún gbàjọba. Bàbá mi ń kan àga àti ibùsùn. Èmi ọmọbìnrin wọn, tí mo lé díẹ̀ ní ogún ọdún, ń fi àgékù igi wọn ṣe kálámù. Mo ní ẹ̀rọ kan tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tí ń yí igi bírí. Bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí kùn bí oyin, ọkàn mi a bá a lọ, n kò ní mọ ìgbà tí ọ̀sán pọ́n. Màá lu ihò sáàárín igi náà, màá ki ọ̀pá íńkì inú báírò bọ̀ ọ́, màá sì fi irú igi kan náà kan àpótí kékeré tí yóò máa sùn sí, pẹ̀lú àrán nínú rẹ̀. Ẹni tó ń fẹ̀yìn tì àti ẹni tó joyè ni wọ́n máa ń rà á fún. Wọ́n yìn mí títí mo fi gbà pé kò sí ohun tó kù fún mi láti kọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyàwó ọ̀gá àgbà iléèwé wa àtijọ́ wọlé tọ̀ mí wá láti Ayépé. Ọ̀gá yìí ló kọ́ mi ní ìwé kíkọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọlù wọ́n láti bí oṣù mélòó kan. Ẹsẹ̀ ti ń bọ̀ sípò, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn já gaara, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Màmá jókòó sórí pákó, wọ́n ń nu omi kúrò lójú, n kò sì mọ̀ bóyá ti òjò ni.

"Ìgbéyàwó ọmọ wa obìnrin ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta," ni wọ́n wí. "Bàbá ìyàwó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àlùfáà ní kí wọ́n kàn tẹ̀ka. Ọ̀gá yín ní àwọn ò ní lọ."

"Síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn, mà?"

"Wọ́n ní, 'Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ènìyàn níwèé, kí n wá ti àtàǹpàkò bọ íńkì níwájú wọn?' Ọmọ náà ń sunkún ṣáá. Bá mi ṣe kálámù kan tó dára, bóyá orí wọn á wú."

Mo ṣe é. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dán títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo fi ìkọ́ idẹ kékeré kan de àpótí rẹ̀. Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ lọ sí Ayépé, mo gbé e lé itan, àwọn igi ọ̀pẹ ń sáré kọjá, èmi sì ń lá àlá ìyìn tí n óò gbà.

Ọ̀gá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n bá ìkọ́ idẹ náà jà títí àpótí fi yọ̀ bọ́. Màmá ló bá wọn ṣí i. Wọ́n mú kálámù, ó já bọ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e fún wọn, ó tún já bọ́, ó yí wọ abẹ́ àga. Ọ̀gá kò na ọwọ́ mọ́.

"Ó rẹwà," ni wọ́n wí. "Gbé e fún ẹni tó ní ọwọ́."

Nígbà tí mo délé, bàbá mi wo kálámù náà, wọ́n wò mí. "Ọwọ́ wọn ńkọ́? Ṣé o wò ó?" Mo mi orí pé n kò wò ó. "Ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ akèrègbè," ni wọ́n wí, "ìwọ ni kí o lọ wá akèrègbè tó lẹ́nu gbòòrò."

Mo padà sí Ayépé lọ́jọ́ kejì. Màmá kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kí n tó jẹun, wọ́n gbé ẹ̀bà síwájú èmi àti Ọ̀gá. Ọ̀tún tó ń ṣàìsàn yẹn náà ni Ọ̀gá fi ń jẹun, wọn kò gbà láti fi òsì jẹ ẹ́. Wọ́n fún òkèlè kan, ó bọ́ sínú àwo. Mo wò ó: ojú ìka mẹ́ta wà lára rẹ̀, àti kòtò ibi tí àtàǹpàkò ti tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má mú un. Ẹ fún mi ní òkèlè yẹn."

"Ṣé ebi ń pa ọ́ tó bẹ́ẹ̀ ni?" Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. Màmá sáré yọjú láti ilé ìdáná, torí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Mo fi ewé wé òkèlè náà relé. Ẹ̀rọ mi kò mọ̀ ju kí ó yí nǹkan róbótó lọ, nítorí náà ọ̀bẹ ni mo fi gbẹ́ ti ẹ̀ẹ̀kejì, igi ọsàn ni mo lò, torí pé kò wúwo. Mo ń gbẹ́, mo ń wo ẹ̀bà. Nígbà tí mo parí, ó rí wúruwùru bí ewùrà. Mo ṣe ìdérí àpótí rẹ̀ ní èyí tó ń yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀, tí ìka kan lè tì ṣí, mo sì lẹ rọ́bà sílípáàsì mọ́ ìdí rẹ̀ kí ó má baà yọ̀. Ojú ń tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi fi ìwé ìròyìn dì í.

Ọ̀gá kò yìn ín. Wọ́n kàn dì í mú, kò sì bọ́. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń fi í kọ orúkọ wọn láràárọ̀, bí adìẹ ṣe ń ta ilẹ̀ ni ìlà àkọ́kọ́ rí.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, nígbà tí wọ́n gbé ìwé ńlá náà kalẹ̀, Ọ̀gá fi àtàǹpàkò ti ìdérí. Wọ́n yọ kálámù jáde. Orúkọ wọn ń rìn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lórí ìwé bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ òkè. Ó pẹ́. Àlùfáà rò pé ó ti parí, wọ́n na ọwọ́ sí ìwé náà.

"Ẹ dúró," ni Ọ̀gá wí. "N kò tíì fi àmì ohùn sí i."

Wọ́n sì fi àmì sí i, òkè àti ìsàlẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti sunkún tán lẹ́yìn òpó kí wọ́n tó gbé ojú sókè.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Màmá gba ṣọ́ọ̀bù wa kọjá nígbà tí wọ́n ń lọ ná ọjà, wọ́n fi pépà kan hàn mí. Ọ̀gá ló kọ ọ́: iyọ̀, ata, òróró, ọṣẹ. "Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ wọn, wọn ò kọ ohun tí n óò rà fún mi rí," ni Màmá wí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ọmọge, wọ́n sì ká pépà náà bọ ìṣẹ́po aṣọ.

Àwọn méjèèjì ti lọ. Bàbá mi náà ti lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ tí wọ́n ṣègbéyàwó fún lọ́jọ́ náà ni kálámù yẹn wà, n kò sì béèrè rẹ̀ rí. Mo ti ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún àwọn ènìyàn ńlá, n kò mọ inú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí àwọn kálámù náà ń sùn sí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe láyé, orí pépà tí wọ́n fi lọ ra iyọ̀ yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ.