Omi Àárọ̀ Ọjọ́ Jímọ̀

Tí mo bá gbóòórùn ọ̀dà tuntun báyìí, Festac ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Àjọ̀dún àṣà tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ àdúgbò náà ti parí, àwọn àlejò ti lọ, ìjọba sì kó àwa ẹbí òṣìṣẹ́ ìjọba wọ àwọn ilé náà nígbà tí ọ̀dà ara ògiri ò tíì gbẹ dáadáa. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ láti apá irà, òórùn ẹrọ̀fọ̀ á dà pọ̀ mọ́ ọn. Ilé náà dùn mọ́ wa jọjọ.

Ìyá àgbà nìkan ni kò dùn mọ́ nínú. Ìyá bàbá mi ni, láti Èjìgbò ni bàbá mi ti lọ mú wọn wá. Ògìyán, òòṣà funfun ìlú wọn, ni wọ́n ń bọ, bẹ́ẹ̀ rèé díákónì ni bàbá mi. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni igbá funfun wọn ń gbé kí pásítọ̀ má baà rí i.

"Kò burú," ni ìyá àgbà máa ń wí. "Tí mo bá ti kú, ó parí náà nìyẹn. Ta ló kù tí yóò bọ ọ́?"

Nígbà tó yá, oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun wọn mọ́. Wọ́n ní kí bàbá mi dá àwọn padà sílé, káwọn lè lọ kú síbẹ̀. Bàbá mi dá ọjọ́ sí Sátidé. Èmi tí mò ń bá wọn sùn, ẹ̀rù bà mí gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, a wà lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ nígbà tí Àǹtí Bùràsíìlì ń bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi. Láti Bùràsíìlì ló ti bá àwọn àlejò wá síbi àjọ̀dún; nígbà tí wọ́n lọ, òun dúró, ó ń ránṣọ ládùúgbò wa. Ọlọ́yàyà èèyàn ni, àmọ́ tó bá ti di Jímọ̀, á wọ funfun látòkè délẹ̀, á gbé omi rù, kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Àláájà tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà nísàlẹ̀ ilé wa ní ìrun Jímọ̀ ló ń múra fún. Màmá mi ní rárá o, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, ṣé wọn ò rí i pé kò wọ bàtà ni? Màmá mi kí i, kò dáhùn.

"Ẹni tí kò kí ni kú àbọ̀, ó pàdánù ẹ kú ilé," ni màmá mi sọ sókè kó lè gbọ́.

Ìyá àgbà bá dìde. "Fi í sílẹ̀, ìyàwó. Omi òòṣà ló rù. Ẹni tó bá rù ú kì í kí èèyàn títí á fi sọ̀ ọ́."

Wọ́n fà mí lọ́wọ́, a tẹ̀ lé e délé. Nígbà tó sọ omi náà tán, ó bu díẹ̀ sínú àwo funfun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Yorùbá ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ wọ́. Mi ò mọ ohun tó ń wí títí mo fi gbọ́ "Ògìyán", mo tún gbọ́ "Èjìgbò".

"Ta ló mú ẹ dé Èjìgbò rí?" ni ìyá àgbà bi í.

Ó mi orí, kò débẹ̀ rí. Ó wá fi Yorùbá díẹ̀ tó ti kọ́ lọ́dọ̀ wa dáhùn: "Ìyá mi kọrin. Ìyá ìyá mi kọrin. Jímọ̀ ni ọjọ́ òòṣà lọ́hùn-ún. A pọ̀."

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "A pọ̀," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Ó ní a pọ̀."

Wọ́n jẹ iyán lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, wọ́n sì ní kí bàbá mi má wulẹ̀ ra epo sí mọ́tò. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ru omi bọ̀. Màmá mi fẹ́ kí wọn látojú fèrèsé, bàbá mi fọwọ́ kan èjìká màmá mi pé kí wọ́n dákẹ́.

Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn rò pé nǹkan ìyá àgbà ò ju ohun tó lè wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo ti darúgbó báyìí, Satellite Town ni mò ń gbé, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ń lọ. Síbẹ̀, tí mo bá kí ẹnìkan láàárọ̀ tí kò dáhùn, orí rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, bóyá omi wà níbẹ̀, kí n yà fún un.