Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Kọ̀ Láti Pe Treichville Ní Ilé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ máa ń bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí a bá ń kọjá níwájú ilé Aya, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, ẹ jókòó. Ọdún 2001 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Àwọn ṣọ́jà ti gbàjọba, wọ́n sì ti lọ. A ti dìbò, ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lórí ìbò náà, ṣùgbọ́n ogun kò tíì dé. Lásìkò yẹn ní Abidjan, ní Ivory Coast, bí ènìyàn bá la ẹnu, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń fetí sí ni bóyá ọmọ ìlú ni tàbí àjèjì. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn olùgbé àdúgbò wa ní Treichville. Mo lẹ́nu nígbà náà, mo ṣì lẹ́nu báyìí.

Kí n má tàn yín, ọ̀rọ̀ owú ni mo fẹ́ sọ. Wọ́n ní obìnrin òjòwú kò lẹ́ran láyà. Ẹ wò mí dáadáa, ẹ ó rí i pé wọn kò parọ́.

Cour des Anango ni àwọn ará àdúgbò ń pe agbo ilé wa, nítorí Anango ni orúkọ tí wọ́n fún gbogbo wa tí à ń sọ Yorùbá. Àwọn oníṣòwò ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló kọ́ ọ kí ìlú tó gba òmìnira. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ onípákó yí àgbàlá rẹ̀ ká, káfíńtà gbẹ́ òdòdó sára àwọn fèrèsé onígi rẹ̀, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà á wọlé wá já ọjà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Ní òdìkejì títì ni agbo ilé àwọn Aya wà, èyí tí àwọn ará Grand-Bassam kọ́. Ilé méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́. Aya àti èmi jọ lọ sílé ẹ̀kọ́, a jọ ja ìjà, a tún jọ fẹ́ràn ọ̀dọ́kùnrin kan náà rí. Òun ló gbà á mọ́ mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mò ń sọ.

Ilé wa ń jò, tiwọn kì í jò. Bí ìyá mi bá ní kí bàbá pààrọ̀ páànù, èsì kan náà ni: "Ẹ fi nǹkan dí i. Ṣé ibí la máa gbé títí láé ni? Àjò ni." Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi, Alhaji Làmídì, tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri pálọ̀ wa, nínú férémù dídán. Abidjan níbí ló ti ra àwọn ilẹ̀kùn onígíláàsì rẹ̀. Ó dì wọ́n sínú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n gba Ghana, Togo àti Benin kọjá, wọ́n lọ sí ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbé. Àwa tí à ń gbé ilé, abọ́ la fi ń gba omi òjò nínú yàrá. Mo jowú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn bí ìyá mi ì bá ti jowú ìyàwó kékeré. Ìyàwó kékeré tiẹ̀ sàn, á máa báni gbálẹ̀. Ti inú férémù yìí kò ṣe nǹkan kan ju kó máa gba gbogbo ohun tó tọ́ sí wa.

Kì í ṣe bàbá mi nìkan o. Bí gbogbo àgbà wa ti ṣe nìyẹn. Lójú wọn, ẹni tó bá ṣe àjò lọ́ṣọ̀ọ́ ti fẹ́ gbàgbé orírun rẹ̀, ẹni tó bá sì sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Lọ́jọ́ kan, a jí, a bá àmì àgbélébùú pupa lára ògiri gbogbo ilé tó wà ní títì wa. Ẹ mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Abidjan: wọ́n fẹ́ wó wọn. Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan ló fẹ́ kọ́ ilé ìtajà alájà púpọ̀ síbẹ̀. Ẹ má rò pé gbogbo wa la sunkún. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń dùn, wọ́n ní ilé àtijọ́ ti sú àwọn, ṣáláńgá ti kún, kí wọ́n wó o kí àwọn rí ilé tuntun. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló sọ fún yín pé ẹ̀yin ni wọ́n ń kọ́ ọ fún?"

Aya àti èmi la kó àwọn obìnrin jọ. A kò kọrin, a kò gbé pátákó. Ní òwúrọ̀ tí katapílà fẹ́ wọ àdúgbò, a gbé àpótí, ìkòkò àti àdògán wa sí àárín títì, a dáná, a ń se ìrẹsì. Katapílà dúró, ó ń ké, kò ríbi gbà. Ọlọ́pàá kan sún mọ́ wa, ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ kúrò lójú ọ̀nà." Aya gbójú sókè, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Gbogbo títì bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́pàá náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì jẹun ní tòótọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi o! Aya ló kàn yára jù mí lọ. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ohun tí Aya sọ ni gbogbo ènìyàn ń tún sọ. Kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó ní kí a gbé ìkòkò jáde. Èmi ni. Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo nǹkan tí mo sọ lónìí, ẹ má gbàgbé ìyẹn.

Ìkòkò yẹn mú kí àwọn ará ilé-iṣẹ́ náà yí ohùn padà. Wọ́n ní àwọn yóò yan díẹ̀ nínú àwọn ilé àtijọ́, àwọn yóò tún wọn ṣe, àwọn kò ní wó wọn, bí a ti ń tọ́jú àwọn ilé tí òyìnbó kọ́ sí Bingerville. Orí mi gbóná nígbà tí mo gbọ́ Bingerville. Ilé gómìnà òyìnbó ń gba ọ̀dà, ilé àwọn baba wa ń gba àgbélébùú pupa! Ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Wọ́n ní kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan mú àgbà kan wá, kí ó wá sọ ohun tí ilé náà jẹ́ fún wọn.

Mo pe gbogbo ilé sí ìpàdé, mo kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Mo ní, "Ẹ sọ àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ẹ sọ àwọn tó kú síbẹ̀. Ẹ sọ pé ibẹ̀ nìkan ni ilé yín, ẹ kò ní ibòmíràn." Ti bàbá mi, mo tún kọ́ ọ lọ́tọ̀ nínú pálọ̀. Ó ń tẹ tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ń mi orí. Mo rò pé ó ti gbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kan ni wọ́n ta tapólì sí. Ìyá Aya ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní, "Ìwọ́ mi wà nínú ilẹ̀ yẹn. Ọkọ mi kú síbẹ̀. Bí ẹ bá wó o, mi ò ní ibòmíràn." Obìnrin kan nínú àwọn tó wá láti ilé-iṣẹ́ náà nu ojú. Èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ọ̀rọ̀ mi ni! Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi kọ́ wọn! Ìyá Aya tó ní ilé sí Grand-Bassam, tó ń lọ ṣọdún níbẹ̀ lọ́dọọdún, kò dárúkọ Grand-Bassam lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó wá kan bàbá mi. Ó wọ agbádá funfun, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú. Ayàwòrán-ilé kan, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ ọ̀wọ̀, kí i, ó ní, "Vieux père, bàbá àgbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ ohun tí ilé yìí jẹ́ fún yín." Bàbá mi gbọ́ Faransé, ó sì ń sọ Dioula bí omi nínú ọjà, ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rọ̀ tó bá tóbi, èdè ìyá ẹni la fi ń sọ ọ́. Èmi ni mo dúró láti túmọ̀.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé náà dára, àwọn baba wa ló kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé a kò nílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí. Mo kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀. Àlejò la jẹ́ lọ́dọ̀ yín, ẹ sì ti tọ́jú wa, Ọlọ́run á san án fún yín."

Mo yíjú sí ayàwòrán-ilé, mo fi Faransé sọ fún un pé, "Bàbá ní ibí ni ilé òun, òun kò ní òmíràn."

Bàbá mi fi ọ̀pá lu ilẹ̀. "Ràfíátù! Ṣé ohun tí mo sọ nìyẹn?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun."

"O fẹ́ sọ mí di aláìnílé lójú gbogbo ayé? Ìwọ ọmọ mi?"

Ó tì mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Dioula sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Kò fo ọ̀kan. Ó sọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó sọ báńkónì, ó tún fi àwọn ilẹ̀kùn onígíláàsì kún un. Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ṣé ẹ gbọ́? Àwọn àjèjì fúnra wọn ní àwọn nílé ibòmíràn!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Bàbá mi jókòó, ojú rẹ̀ ń dán. Ó gbà pé òun ti ṣe ohun tó yẹ ọmọlúàbí: òun kò dójú ti baba òun, òun kò sì fi ilẹ̀ onílẹ̀ yangàn.

Wọ́n sọ fún mi nígbà tó yá pé kò yẹ kí n yí ọ̀rọ̀ àgbà. Ẹ gbọ́, bí ó bá tún di òní, n ó tún yí i. Ohun tó dùn mí ni pé mi ò tètè gbé bàbá kúrò níbẹ̀.

Wọ́n nu àgbélébùú pupa kúrò lára ilé Aya. Tiwa kò kúrò. Lọ́jọ́ tí katapílà dé, bàbá mi ti lọ kírun, kò wò ó. Èmi wò ó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló kọ́kọ́ lọ. Aya wá dúró tì mí, ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Rafi, ẹ wá gbé lọ́dọ̀ wa." Mo fa ọwọ́ mi yọ. Àánú rẹ̀ ta mí ju katapílà lọ.

Ẹ ń bi mí pé kí la jèrè nínú ìjà yẹn. Ọ̀wọ́ ilé kan dúró tí wọn ì bá ti wó, àwọn obìnrin àdúgbò sì mọ̀ pé ìkòkò lè dá katapílà dúró. Mi ò fojú kéré ìyẹn. Ṣùgbọ́n ilé wa lọ, àwọn ènìyàn wa sì fọ́n ká. Àwọn kan lọ sí Adjamé. Èmi gun òkè Attécoubé, níbi tí mo ti ń wo omi ọ̀sà láti ojú fèrèsé kan tí kò ní òdòdó lára. Ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún wa nítòsí Zone industrielle de Yopougon, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wà, a ṣì ń retí rẹ̀. Bí wọ́n bá sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá wo ilé Aya, Aya ló ń jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, òun ló ń sọ ìtàn ìkòkò fún wọn. Òun ò lè jowú láéláé. Kí ló fẹ́ jowú?

Bàbá mi ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní tirẹ̀. Nígbà tó di 2011 tí ìbọn ń dún ní Abidjan lórí ọ̀rọ̀ ìbò, mo kó àwọn ọmọ mi sínú bọ́ọ̀sì, a sá lọ bá a fún ìgbà díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí mo ti ń bá jowú láti kékeré. Kò jò. Mo wá ibi tí yóò ti jò títí, mi ò rí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mò ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá lókè. Ó wà ní báńkónì pẹ̀lú àwọn aládùúgbò rẹ̀, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọjá láì kí àgbà. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti orí àtẹ̀gùn.

"Nílé wa," ó ní, "ọmọ kan kò tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa kí yíká kó tó jáde."

Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín. "Alhaji, ilé yín wo? Ṣebí ilé yín la wà yìí?"

"Èyí? Èyí, mo kọ́ ọ ni. Ilé mi wà ní Treichville. Wọ́n ti wó o."

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ ẹ́ fún, tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀ lé mi lórí, òun ló ń sọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí kò mọ ọ̀nà Treichville! Mo dúró títí wọ́n fi lọ, mo bi í pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

Ó wò mí bí ẹni pé mi ò gbọ́n rárá. "Ràfíátù, ṣé a máa ń sọ ohun tó dun ni lójú àlejò ni?"

Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀ lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń kọjá, wọ́n ń kí mi, mo ń dá wọn lóhùn, mo sì ń jowú gbogbo wọn.