Oríkì Tí Kì Í Ṣe Tirẹ̀

Ògì jóná nílé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó láàárọ̀ Sátidé kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá, ìyá tó bí ìyá mi, kì í jẹ́ kí ògì jóná rárá. Ojú wọn ti fọ́, ṣùgbọ́n imú wọn mú ju tiwa lọ. Lọ́jọ́ náà, òórùn ògì gba gbogbo ilé, síbẹ̀ ẹnu ọ̀nà ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń fetí sí mímí ọkùnrin kan.

Ọkùnrin náà ní òun ni Káyọ̀dé, àkọ́bí wọn, tó lọ sí Kútọnú nígbà tí ìyá mi ṣì ń rákòrò, tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ kọ̀ọ̀kan ni Màmá máa ń fi oríkì rẹ̀, Àjàní, gbàdúrà, wọ́n á sì ní kí n máa ṣe àmín. Àdúrà náà ti sú mi, kí n má parọ́.

Màmá na ọwọ́ síwájú. "Àlàó," ni wọ́n wí, "ṣé ìwọ nìyí?"

Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ Àlàó nílé wa. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó bú sẹ́kún. "Èmi ni, Màmá. Àlàó yín ni." Ẹkún náà kò jọ ẹkún ẹlẹ́tàn, ìyẹn ló tiẹ̀ bà mí lẹ́rù jù.

Mọ́mì sáré jáde láti balùwẹ̀, ọṣẹ ṣì wà létí wọn. Tíṣà ni wọ́n ní Yábàá, wọn kì í gba ohunkóhun gbọ́ láìbèèrè. Wọ́n kọjú sí mi. "Ó jọ pé Àlàó ni mo gbọ́. Ìwọ lo wà níbẹ̀. Kí ni Màmá pè é?" Bí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á lé e síta, Màmá á sì padà sídìí àdúrà ìrọ̀lẹ́. Màmá di ọwọ́ mi mú, èékánná wọn wọ̀ mí lára.

"Àjàní ni," mo wí. Màmá tú ọwọ́ mi sílẹ̀.

Lọ́sàn-án, ọkùnrin náà fẹ́ lọ bọ́jú nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìn ilé. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ́jú, kò sí ohun tí ènìyàn lè kọsẹ̀ lára rẹ̀. Kò gba àárín. Ó yà sọ́tùn-ún, ó rìn yípo ibì kan roboto, ó na ọwọ́ kan bí ẹni tó di etí nǹkan mú, kó tó dé ìdí ẹ̀rọ. Mọ́mì, tó ń sá aṣọ, dúró gbagidi. Wọ́n rọra sọ sí mi létí pé, "Kànga wà níbẹ̀ nígbà kan. Wọ́n ti dí i kí n tó wọ iléèwé. Ta ló sọ fún un?" Mo gbọ́ tí Màmá ń dá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́ nínú ilé.

Mọ́mì ò dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Ọkùnrin náà dúró tì wá, òun ló sin Màmá. Ó ti darúgbó báyìí, èmi ni mo ń gbé oúnjẹ fún un, Bọ̀dá Káyọ̀dé ni mo sì ń pè é. Títí dòní, mi ò tíì fi oríkì kankan pè é rí, ẹ̀rù ohun tó máa dáhùn ń bà mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni Bọ̀dá Káyọ̀dé lóòótọ́. Ọmọdébìnrin tí mo jẹ́ lọ́jọ́ Sátidé yẹn mọ òótọ́, ó sì gbé irọ́ jáde. Èmi tí mo dàgbà, ká ní mo fẹ́ sọ òótọ́ pàápàá, mi ò mọ èwo ni kí n sọ.