Bí Mo Ṣe Di Ọlọ́pàá Ọpọlọ Ọmọ Inú Oyún

Nígbà tí oyún ìyàwó mi pé oṣù mẹ́fà, mo ka ìwé kan lórí bí ọpọlọ ọmọ ṣe ń dàgbà. Ó ní àwọn èròjà ajíṣẹ́ kan wà nínú ọpọlọ: kí ọmọ tó lè ronú rárá ni wọ́n ti ń darí sẹ́ẹ̀lì síbi tó yẹ kó jókòó sí, àti pé bí ìdààmú ìyá bá pọ̀ jù, ó lè dí wọn lọ́wọ́. Èmi tí mo gba F9 nínú báyọ́lọ́jì, mo di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Mo fòfin de ariwo nílé wa ní Thomas Estate. Mo yọ bátìrì aago ara ògiri. Ìyá ìyàwó mi, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn. Bí wọ́n bá ti dá orin àdúrà àárọ̀, màá yọjú: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rọra. Ọpọlọ ọmọ ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́." Wọ́n á wò mí bí ẹni tó yẹ kí wọ́n gbààwẹ̀ fún.

Ní Sátidé kan, mo lọ bá àwọn bíríkìlà tó ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, mo ṣàlàyé èròjà ajíṣẹ́ fún wọn látòkèdélẹ̀, mo ní kí wọ́n dákẹ́. Àgbà inú wọn, ará Ìsẹ́yìn, fi ṣọ́bìrì gúnlẹ̀.

"Ọ̀gá, ọmọ mẹ́fà ni mo bí, inú ariwo ni gbogbo wọn dàgbà sí. Ta ló wá ń da ìyàwó yín láàmú gan-an?"

Mo délé, mo bá ìyàwó mi tó ń sunkún.

"Ìwọ ni!" ló pariwo mọ́ mi. "O ò jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Tí mo bá sín, wàá máa wò mí bí ẹni tó jalè."

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, a lọ sí kílíníìkì ní Lẹ́kkí Phase 1, kí nọ́ọ̀sì lè dá ẹjọ́ náà. Wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyàwó mi, ó dáa. Wọ́n wọn tèmi, wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n bu omi fún mi.

"Ọmọ ti ń gbọ́ ohùn," nọ́ọ̀sì sọ. "Ẹ máa bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa kọrin fún un. Kí ìyá ẹ̀ jẹun, kó sùn, kọ́kàn ẹ̀ balẹ̀. Ẹ̀yin dádì, ẹ rọra o."

Ọmọbìnrin la bí. Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí, ó mọ orúkọ gbogbo ẹran inú ìwé àwòrán rẹ̀. Màlúù nìkan ló ń pè ní Dádì.