Abọ́ Ìrẹsì Tó Wà Lórí Àpótí Bàbá Onílé

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, mo mọ̀. Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́ fún mi, èmi náà á bi í bóyá ebi ló ń pa á. Ẹ ó sì rí i pé ìbéèrè yẹn bá mi mu dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú mi ló ṣe, Ajégúnlẹ̀ níbí ló sì ti ṣẹlẹ̀.

Láyé àwọn ológun ni. Akọ̀wé ni mí ní ọ́fíìsì kan ní Àpápá. Ọ̀gá mi, òyìnbó ará Sweden, ló sọ àṣà ìlú wọn fún mi: tí Kérésì bá ku ọ̀la, àwọn ọmọ á gbé abọ́ ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè sẹ́nu ọ̀nà, bọ́tà á wà lórí ẹ̀. Bàbá arúgbó kékeré kan tó ń ṣọ́ ilé, tójú kì í rí, ló ni ín.

Mo gbé àṣà náà délé. Inú àwọn ọmọ mi méjèèjì, Délé àti Ṣadé, dùn sí i ju aṣọ ọdún lọ. Màmá Ẹ̀fẹ́, tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ní, "Papa Dele, na juju be dat?" Mo ní kò lè yé e, ọ̀làjú ni.

Ta ló wá ń jẹ ìrẹsì náà? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Abọ́ gbọ́dọ̀ ṣófo káwọn ọmọ lè gbà gbọ́. Ọdọọdún ni mò ń yọ́ jáde lọ jẹ ẹ́. Bọ́tà ni mo kọ́kọ́ máa ń lá.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, bàbá onílé wa ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Èèyàn kúkurú ni wọ́n, wọ́n sì máa ń húkọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Orí àpótí kan lẹ́nu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bó ẹ̀pà fún Ṣadé. Bí ìrẹsì ṣe jinná, Ṣadé gbé e lọ sórí àpótí yẹn.

"Bàbá onílé ló ń ṣọ́ ilé wa báyìí," ló wí. "Dádì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá wọn jẹ ẹ́ o."

"Ta ló tó bẹ́ẹ̀?" Ẹnu mi yìí náà ni mo fi sọ ọ́.

Ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣú, wọ́n sì ti mú iná lọ. Ìyàwó mi ń wẹ̀ fáwọn ọmọ lẹ́yìnkùlé. Mo mú ṣíbí, mo yọ́ gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo lá bọ́tà, mo fi ìrẹsì tì í.

Bí mo ṣe tún ki ṣíbí bọ abọ́, mo gbọ́ ṣíbí mìíràn tó ń ha inú abọ́ náà.

Mo dúró. Ìyẹn ò dúró.

Ẹnìkan wá húkọ́. Ikọ́ tí gbogbo ilé mọ̀ ni.

"Ṣé ìwọ náà rèé?" Ohùn náà lọ sílẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ káwọn ọmọ gbọ́. "Ìwọ lo ti ń jẹ ẹ́ látọjọ́ yìí?"

Ẹ̀rù bà mí, mi ò purọ́. Ṣùgbọ́n ìtìjú ló kọ́kọ́ mú mi. Odindi bàbá ọmọ méjì, ìrẹsì kún ẹnu, mi ò lè gbé e mì, mi ò lè tu ú. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà," ìrẹsì ò jẹ́ kó já gaara.

Ọwọ́ tútù kan gba ṣíbí lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń gbà á lọ́wọ́ ọmọdé.

Mo sáré wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn gbọin. Ẹ rẹ́rìn-ín, ó tọ́ sí mi: ìgbà tí ìyàwó mi ń kanlẹ̀kùn ni mo tó rántí pé òun àtàwọn ọmọ mi ṣì wà níta.

Tẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ kalẹ̀ fún ohun tẹ́ ò rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọjá ní tiyín. Ẹ má sọ pé kò lẹ́ni tó ni ín.

Torí pé láàárọ̀ Kérésì, Ṣadé gbé abọ́ náà wọlé. Ìdajì ìrẹsì ló kù, wọ́n ki ṣíbí mi bọ̀ ọ́. Bọ́tà tí mo ti lá tán tún wà lórí ẹ̀.

"Dádì, bàbá onílé ní àjẹkù yín rèé. Wọ́n ní ká máa bu tiyín sọ́tọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀."

"Ìgbà wo ni wọ́n sọ ọ́?"

"Nísinsìnyí." Ó nawọ́ sẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò wo ẹnu ọ̀nà. Délé ń wò mí, ìyá ẹ̀ náà ń wò mí. Mo gba abọ́ náà, Ṣadé sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán.