Sinimá Tí Kò Sọ Faransé

Ẹ̀rín ìyá mi máa ń pẹ́ dé ni. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ìfọ̀nyìn, bí àwọn onísinimá bá ti ta aṣọ funfun mọ́ ògiri ilé ẹ̀kọ́, Faransé ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìyá mi kò sì gbọ́ Faransé. Èmi tí mo ń kọ́ Faransé nílé ẹ̀kọ́ ni ògbufọ̀ rẹ̀. Bí gbogbo èèyàn bá bú sẹ́rìn-ín, á fi ìgúnpá gún mi: "Kí ló wí?" Kí n tó sọ ọ́ yé e, kí ẹ̀rín tirẹ̀ tó jáde, àwọn yòókù ti dákẹ́. Lọ́jọ́ kan, ìgbà tí wọ́n ń sin òkú nínú sinimá ni ẹ̀rín rẹ̀ tó dé. Wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ káàkiri àdúgbò, kò sì bá wa lọ mọ́.

Kí n má parọ́, àárò ìgbà náà máa ń sọ mí: eruku, òórùn bẹntiróò ẹ̀rọ iná wọn, èjìká rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Inú mi dùn nígbà náà pé ẹnu mi ni sinimá ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìlú ní àwọn fẹ́ fi sinimá àtijọ́ kan hàn, apanilẹ́rìn-ín tí kò ní ohùn. Obìnrin kan á wá láti Àjàṣẹ́ láti máa tẹ piánò sí i. Mo sáré lọ bá ìyá mi.

"Ìyá, wọn kì í sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀."

"Ṣé odi ni wọ́n ni?"

"Rárá o. Sinimá ayé ìgbà yẹn kò ní ohùn ni."

Ó wò mí tìfura-tìfura. "Bí wọ́n bá tún fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ìwọ ni n ó bá jà."

Wọ́n fi aṣọ dí fèrèsé gbọ̀ngán ìlú nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Piánò kékeré ọ̀hún, ẹ̀yìn alùpùpù ni wọ́n dì í mọ́ wá, bí ewúrẹ́. Bí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀, ọkùnrin kan pariwo sí onísinimá: "Monsieur, ohùn kò sí o!" A rọ̀ ọ́ kó jókòó.

Nínú sinimá náà, kunlékunlé kan gbé àkàbà gígùn lé èjìká, garawa ọ̀dà rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọlọ́pàá kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń so okùn bàtà. Ẹnìkan la ẹnu láti pe kunlékunlé náà látẹ̀yìn. Piánò rọra ń yọ́ rìn. Ìyá mi bú sẹ́rìn-ín, òun nìkan, nínú gbọ̀ngán tó pa rọ́rọ́. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ wa.

Ìgbà náà ni ọlọ́pàá nàró, tí kunlékunlé yíjú, tí àkàbà gbá a sínú ọ̀dà. Gbọ̀ngán hó gèè. Lọ́tẹ̀ yìí, iwájú ni ẹ̀rín wọn bá ti ìyá mi.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ Faransé tí wọ́n kọ sínú sinimá hàn lórí aṣọ funfun, mo na ẹnu sí i létí.

"Dákẹ́," ló wí. "Mò ń wò ó."

Mo gbé ẹnu kúrò létí rẹ̀. Inú mi dùn fún un, ó sì tún dùn mí.

Bí a ti délé, ó jókòó ti aládùúgbò wa kan tí kò lè lọ, ó ń ro gbogbo rẹ̀ fún un: èébú tí ọlọ́pàá bú, ẹ̀bẹ̀ tí kunlékunlé bẹ̀, pẹ̀lú ohùn oríṣiríṣi. Mo ní, "Ìyá, wọn ò mà sọ gbogbo ìyẹn."

Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Wọ́n sọ ọ́," ló wí. "Ìwọ ni o kò gbọ́."